Géèmù Tó Ń Kọ́ṣẹ́

Ọjọ́ tí Máníjà ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ fi géèmù sórí fóònù wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè pé kí ló dé. Gémáṣì ni, obìnrin tó ń gé aṣọ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán yunifọ́ọ̀mù. Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ ní Gémáṣì o. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fún un lórúkọ yẹn, torí láti ọdún méjìlélógún tó ti ń di àlùmọ́gàjí mú, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun rí aṣọ tí obìnrin yìí gé ṣì.

Máníjà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í tán lẹ́nu. Ńṣe ló máa ń rọ̀ sétí ẹnu rẹ̀ bí òwú tí wọ́n gbàgbé láti gé.

"Ìyá wa, eré lásán ni. A fẹ́ kí ara máa tù yín ni. Òṣìṣẹ́ tí inú rẹ̀ ń dùn ni òpómúléró ilé iṣẹ́ tó ń gbèrú."

Ìyá Bọ́tìnnì, tó ń fi bọ́tìnnì sára aṣọ, tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ, fi ìgúnpá gún Gémáṣì. "Ta ló ń jẹ́ òpómúléró nínú wa?"

"Gbogbo wa ni. Òpó ló ń ru ilé. Ẹni tó ń gbénú ilé kì í bá wọn rù ú."

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Máníjà náà bá wọn rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Géèmù náà kò le. Àpótí gbọọrọ kan wà lójú fóònù, àwòrán lóríṣiríṣi á máa já bọ́ sínú rẹ̀. Òmíràn tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, òmíràn fẹ̀ nídìí ó sì tín-ín-rín lórí. Ẹni tó ń gbá a lè yí àwòrán síbi tó bá wù ú, kó ṣáà tò wọ́n kí àyè tó ṣẹ́ kù nínú àpótí má pọ̀. Bó bá tò ó dáadáa, ó gba ìràwọ̀. Ẹni tí ìràwọ̀ rẹ̀ bá sì pọ̀ jù láàárín ọ̀sẹ̀, á fi wákàtí méjì ṣáájú àwọn yòókù lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì.

Wákàtí méjì! Kí ni wọn kò ní ṣe nítorí wákàtí méjì? Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àkókò oúnjẹ ọ̀sán ti dákẹ́ rọ́rọ́. Gbogbo orí ló tẹ̀ ba bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Ẹni tó sì ń gbẹ̀yẹ lọ́wọ́ gbogbo wọn ni àbúrò Gémáṣì, ọmọ ìyá rẹ̀ tó mú wọ ilé iṣẹ́ náà lọ́dún kẹjọ sẹ́yìn, tó ń rán ọwọ́ ẹ̀wù. Oníràwọ̀ ni wọ́n wá ń pè é. Kò gé aṣọ rí, àmọ́ ọdún mẹ́jọ ló ti ń dúró nídìí tábìlì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó gba aṣọ tí yóò rán, ojú rẹ̀ sì wà níbẹ̀ bí Gémáṣì ṣe ń to páálí tí wọ́n gé bí ègé ẹ̀wù sórí aṣọ kó tó fi ṣọ́ọ̀kì yà á.

Gémáṣì nìkan ni kò gbá géèmù.

"Ẹ̀yin obìnrin yìí, kí lẹ ń bẹ̀rù gan-an?" Mẹkáníìkì tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Kí ni mo ní nínú fóònù tí wọ́n fẹ́ wá jí? Fọ́tò ìyàwó mi ni àti ti ewúrẹ́ mi. Kí wọ́n máa wò ó."

"Ti ta ló pọ̀ jù?" Ìyá Bọ́tìnnì béèrè.

"Ti ewúrẹ́ ni. Òun kì í ní kí n tún un yà."

"Wàá sun ìta lónìí, màá bá ọ sọ fún un. Èmi ò fojú rere wo fóònù mọ́ o. Ọmọ mi obìnrin wá kí mi, ó gba fóònù mi, ó fi wá nǹkan kan. Kò tó ọjọ́ méjì, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ìlédìí ọmọ ìkókó fún mi. Oṣù kejì ni ọmọ tó wá sọ pé òun lóyún. Fóònù ti di ìyá àgbà ṣáájú èmi tí mo bí i lọ́mọ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹlòmíì. Gémáṣì kò rẹ́rìn-ín.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ó ní. "Ọkùnrin tí kì í jẹ́ ká mu omi tán kó tó lu agogo, òun ló wá ń bẹ̀ wá ká ṣeré?"

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀," Mẹkáníìkì ní. "Wọn ò lè rí nǹkan jí lọ́wọ́ tálákà."

"Ọwọ́ náà ńkọ́?"

Mẹkáníìkì wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó kún fún òróró ẹ̀rọ, ó sì padà sídìí géèmù rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ìfura Gémáṣì kọ́kọ́ rí ohun tó máa dì mú. Òun àti Oníràwọ̀ ló jọ ń gbé yàrá méjì. Ó ń lọ aṣọ lọ́wọ́, àbúrò rẹ̀ jókòó sórí àga, ó ń gbá géèmù. Gémáṣì fẹ́ mú aṣọ tó wà lẹ́yìn àga, ojú rẹ̀ bá balẹ̀ sójú fóònù. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

"Dá a dúró. Èyí tó ń bọ̀ yẹn. Ọwọ́ ẹ̀wù nọ́ọ̀sì ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwòrán lásán ni."

"Àwòrán lásán kì í ní abíyá."

Ohun tó rí nìyí. Lọ́dún kẹrin sẹ́yìn, àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kan fẹjọ́ sùn pé báwọn bá nawọ́ sókè, ẹ̀wù á máa fà wọ́n lábẹ́ apá. Gémáṣì ronú sí i, ó fi ìtẹ̀ kékeré kan, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, kún páálí ọwọ́ ẹ̀wù náà. Ẹ̀wù ò fà mọ́. Kò kọ ọ́ síwèé, kò sọ fẹ́nì kankan. Orí páálí rẹ̀ tó so mọ́ ìṣó lára ògiri nìkan ni ìtẹ̀ yẹn wà láyé yìí. Ó wá wà lójú fóònù àbúrò rẹ̀ báyìí, ó ń já bọ́ sínú àpótí.

Ẹlòmíì ì bá ti pariwo. Gémáṣì ò pariwo. Kò fẹ́ kí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ dídùn sọ fún un pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gé páálí tuntun kan. Kì í ṣe páálí aṣọ kankan. Ó ṣe imú ṣóńṣó sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, imú bíi ti ọ̀kẹ́rẹ́, ohun tí kò wúlò fún ọmọ èèyàn. Ó kọ "kóòtù tuntun" sí i lára, ó so ó mọ́ ìṣó láàárín àwọn yòókù, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ, Oníràwọ̀ ń rojọ́ nídìí oúnjẹ ọ̀sán. "Ẹ wo nǹkan burúkú tí wọ́n fi sínú géèmù! Imú ló ní. Kò wọ ibì kankan. Ó ti gba ìràwọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi."

Gémáṣì yọjú wò ó. Imú ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Ó gbé oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó dìde, ó lọ bá Akọ̀wé nínú yàrá onígíláàsì tí kọ̀ǹpútà wà. Akọ̀wé jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú.

"Ta ló ń ya páálí mi ní fọ́tò?"

"Màmá, ẹ jókòó. Ṣé ẹ rí i, à ń ṣe àkójọ ìmọ̀ àjùmọ̀ní kí ọgbọ́n àtọwọ́dọ́wọ́ tó wà nínú ẹbí ilé iṣẹ́ wa má bàa ṣègbé..."

"Akọ̀wé. Ta ni?"

Ó yọ awò ojú, ó nù ún. "Èmi ni. Máníjà ló ní kí n ṣe é."

"Géèmù yẹn, bí àwọn èèyàn ṣe ń tò ó, ibo ló ń lọ?"

"Ó ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń to aṣọ. Àmọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ló gbà, Màmá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ pé àwọn gbà. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀." Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Orúkọ Gémáṣì wà níbẹ̀ lóòótọ́, nípò kẹfà, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò tíì fọwọ́ kan géèmù náà rí láyé rẹ̀.

Lójú ọ̀nà bí òun àti Oníràwọ̀ ṣe ń lọ sílé, Gémáṣì ń yára rìn níwájú títí wọ́n fi kọjá ìsọ̀ oníbàtà. Ó wá dúró. "Ìwọ ni àbí ìwọ kọ́?"

Oníràwọ̀ mọ ohun tó ń sọ. Ó wolẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbá a ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ lójúmọ́. Mo fi fóònù yín gbá ẹ̀ẹ̀mẹwàá sí i."

"Ṣé wọn ò bi ọ́ ní nǹkan kan kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún ọ?"

"Wọ́n kọ nǹkan gígùn kan síbẹ̀. Ta ló ń ka ìyẹn? Mo kàn tẹ 'Mo gbà' ni."

"O gbà lórúkọ mi."

"Eré ni mo pè é, ẹ̀gbọ́n mi!"

"Kí ló tún kù tó ò tíì sọ? Ojú rẹ ò tíì kúrò nílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tó kù náà pọ̀ ju èyí tó ti sọ lọ. Máníjà ti pè é lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ tó ń gé aṣọ fúnra rẹ̀ ti dé, ó wà nínú àpótí onígi nísàlẹ̀ ilé. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kọ̀ǹpútà ni yóò máa to aṣọ, ẹ̀rọ yóò sì máa gé e. Wọ́n fẹ́ ẹnì kan tí yóò máa yẹ ìtò náà wò kí ẹ̀rọ tó gé e. Oníràwọ̀ ni wọ́n mú.

"Èmi ńkọ́?"

"Wọ́n ní àwọn máa wá àyè fún yín. Nídìí òwú."

Ìdí òwú ni wọ́n ń fi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ sí. Á jókòó, á máa gé òwú tó yọ lára aṣọ tí ẹlòmíì rán. Lẹ́yìn ọdún méjìlélógún. Gémáṣì ń sọ ọ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ojú tì í pé òun ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ìyá òun, àmọ́ kò kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ti fóònù rẹ̀ mọ́ inú àpótí aṣọ, tí kọ́kọ́rọ́ sì ń wà lọ́rùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa dán ẹ̀rọ náà wò, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni ogóje kóòtù àrán fún àwọn tó ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Wọ́n ti tẹ́ àrán náà sórí ẹ̀rọ, ó gùn bí ibùsùn èèyàn mẹ́fà. Máníjà wà níbẹ̀, Akọ̀wé wà níbẹ̀, Oníràwọ̀ dúró níwájú kọ̀ǹpútà nínú ẹ̀wù tó lọ̀ dáadáa. Wọ́n ní kí Gémáṣì náà wá wò ó kó má bàa dà bíi pé wọ́n fi í pamọ́ fún un.

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún!" Máníjà pariwo. "Mẹ́rin péré ló máa ṣòfò. Ìyá wa, èló lẹ̀yin máa ń rí lò nínú àrán?"

"Méjìdínláàdọ́rùn-ún."

"Ẹ ò rí i bí ìdàgbàsókè ṣe rí?"

Gémáṣì wo ojú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì rí i. Àrán nírun. Irun yẹn dojú kọ ọ̀nà kan ṣoṣo, torí náà aṣọ yìí ní orí, ó sì ní ìdí. Gbogbo ègé tó máa para pọ̀ di kóòtù kan gbọ́dọ̀ korí síbì kan náà. Tí èèyàn bá dorí ọwọ́ ẹ̀wù kodò, á rí bákan náà títí wọ́n fi máa rán an tán. Ọjọ́ tí oòrùn bá kọ́kọ́ tàn sí i, ẹ̀wù á pọ́n, ọwọ́ á ṣú, bí ẹni lọ yá ọwọ́ lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ti rán àrán rí nílé iṣẹ́ náà, Gémáṣì ló sì tò ó lẹ́ẹ̀mejèèjì. Nínú géèmù, kálukú ń yí àwòrán bó ṣe wù ú. Ìdajì àwọn ègé tó wà lójú kọ̀ǹpútà ló dorí kodò. Ibi tí wọ́n ti rí mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nìyẹn.

Inú rẹ̀ dùn. Ká má purọ́, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ṣẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì pọ̀ mọ́ àyà. Kí wọ́n gé e. Kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀.

Akọ̀wé gbé ìka Oníràwọ̀ síbi tí yóò ti tẹ̀ ẹ́. "Ìwọ lo yẹ̀ ẹ́ wò, àbí? Tó o bá ti tẹ̀ ẹ́, ìwọ lo ni í o, ì báà dára, ì báà bàjẹ́. Bí ìwé ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

Ìgbà yẹn ni Gémáṣì tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ láti ọjọ́ yìí wá. Máníjà kò fi ìka kan nǹkan kan. Akọ̀wé kò fi ìka kan nǹkan kan. Ìka kan ni wọ́n wá, tí wọ́n máa rí dì mú lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, ìka ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì rí.

"Má tẹ̀ ẹ́."

Gbogbo wọn yíjú.

"Kí ló dé, Ìyá wa?"

"Ó ti bàjẹ́."

"Kí ló bàjẹ́ níbẹ̀?"

Gémáṣì pa ẹnu mọ́. Máníjà wo kọ̀ǹpútà, ó wo àrán, ó wo Akọ̀wé. Akọ̀wé gbé awò sójú, ó ní òun ò rí àbùkù kankan.

"Àbúrò yín ló ń yẹ̀ ẹ́ wò," Máníjà ní. "Ṣé ó bàjẹ́, Oníràwọ̀?"

Oníràwọ̀ tẹjú mọ́ ọn. Àwọn ègé náà fara mọ́ra wọn dáadáa, kò sí ibi tí omi lè gbà kọjá. Ó ti rán àrán rí, àmọ́ èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gé síbi tó yẹ ni wọ́n ń gbé fún un. Kò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí èèyàn lè ṣì. Ó wo ìka rẹ̀. Ó wo Gémáṣì, ẹni tí kò bá a sọ̀rọ̀ tó dán mọ́rán láti ọjọ́bọ tó kọjá.

"Mi ò rí nǹkan kan," ó ní. Ó wá gbé ìka kúrò. "Àmọ́ bí wọ́n bá ní ó bàjẹ́, ó ti bàjẹ́. Mi ò tẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀rín ẹnu Máníjà já. Ọjọ́rú ni àwọn oníhòtẹ́ẹ̀lì ń bọ̀, kò sì sí irú àrán yẹn mọ́ níbi tí wọ́n ti rà á. "Ìyá wa, ẹ dákun. Gbogbo wa la jọ ni ilé iṣẹ́ yìí. Nínú ẹ̀mí ìṣọ̀kan..."

"Mi ò gbọ́ ìyẹn. Ṣé èmi lẹ fẹ́ àbí ohun tí mo mọ̀?"

"Ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà ni?"

"Ohun tí mo mọ̀ nìkan lẹ wá jí. Ẹ ò bá ti jí mi."

Akọ̀wé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Máníjà, ó gbé e mì.

"Kí lẹ fẹ́?"

"Tábìlì mi. Ẹ kọ ọ́ síwèé."

Wọ́n kọ ọ́. Gémáṣì gbà á, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Kò lọ síléèwé. Ara àkọlé tí wọ́n ń rán mọ́ ọrùn aṣọ ló ti kọ́ ìwé kíkà, ìyẹn "má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́" àti irú rẹ̀, ó sì gbà pé bó ṣe yẹ kí ìwé rí nìyẹn. Ó dúró lórí ìlà kejì.

"'Ilé iṣẹ́ yóò sa gbogbo ipá rẹ̀.' Ẹ yọ ọ́."

"Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, Màmá," Akọ̀wé ní.

"Akọ̀wé, bí mo bá ní màá sa gbogbo ipá mi kí n má gé yín níka, ṣé ẹ máa nawọ́ sí mi?"

Wọ́n yọ ọ́. Ohun tó kù lórí ìwé kò ju ìlà mẹ́ta lọ: òun ló máa máa to aṣọ, òun ló máa máa sọ bí ẹ̀rọ ṣe máa gé e, wọn ò sì ní gbé e kúrò nídìí rẹ̀ lọ sídìí òwú. Máníjà fọwọ́ sí i. Gémáṣì ká a, ó tẹ̀ ẹ́ sí àyà. Kò gbà á gbọ́ tán. Àmọ́ ìwé tó sọ̀rọ̀ tààrà, èèyàn á rí ibi tí yóò ti bá a jà.

"Ó yá, Ìyá wa. Kí ló ṣe àrán?"

Gémáṣì sún mọ́ aṣọ náà, ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ náà dúró sókè. Akọ̀wé di fóònù mú níwájú àyà bí ẹni tó fẹ́ wo aago, ṣùgbọ́n ojú kámẹ́rà rẹ̀ kọ sí orí àrán.

Gémáṣì kó ọwọ́ méjèèjì sápò.

Oníràwọ̀ ló kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, ó sì gba fóònù náà lọ́wọ́ Akọ̀wé kí tọ̀hún tó rántí pé ó yẹ kóun di tòun mú. Ó fa tirẹ̀ yọ lápò, ìràwọ̀ ṣì ń tàn lójú rẹ̀. Ó kó méjèèjì lọ síta, ó gbé wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó padà wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Gémáṣì wò ó títí. Kò mọ̀ bóyá torí tòun lọmọ yìí ṣe ṣe bẹ́ẹ̀, àbí torí kó lè dá nìkan mọ̀ ọ́n. Bóyá Oníràwọ̀ gan-an ò mọ̀. Ó wo òkè àjà. Ó wo ẹ̀rọ náà yí po. Ihò kámẹ́rà tíńtín kan wà lókè ojú kọ̀ǹpútà. Ó mú àjákù aṣọ kan nílẹ̀, ó fi bo ibẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì," ó sọ fún Máníjà àti Akọ̀wé, "ẹ kọjú sí fèrèsé."

Wọ́n kọjú sí fèrèsé.

Ó wá di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí àrán, ó fà á lọ síwájú díẹ̀díẹ̀, ó sì rọra béèrè létí rẹ̀ pé kí ni ọwọ́ rẹ̀ gbọ́.